Kí Ẹ Tó Da Sìmẹ́ńtì Bo Àgbàlá Yín

Èjìgbò,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Mùjídátù, Àkànkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ìwọ àti Táofíìkì ọkọ rẹ gbé nínú ilé tuntun yín ní Ola. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá o ń jẹun dáadáa, torí ó mọ̀ pé bí o bá ti dé iwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, o kì í rántí oúnjẹ mọ́. Mo ti bi ọ́ báyìí. Kí o dá a lóhùn fúnra rẹ, kí n lè sinmi.

Nígbà tí o pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, o ní Táofíìkì fẹ́ kí n wá bá yín da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí ẹsẹ̀ yín má baà máa kan ẹrẹ̀. O tún ní ẹ fẹ́ gé igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá kànga, torí pé ewé rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo dákẹ́. O rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló gé. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì rárá, ẹ̀rín ni mo ń gbé mì, mo sì ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kà á. Kí Táofíìkì má rò pé bàbá ìyàwó òun kò fẹ́ ṣiṣẹ́ fún òun. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ dàgbà ni, n kò lè fi du àna mi. N ó wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

O mọ̀ pé Àbíjàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Ohun tí o kò mọ̀, torí pé ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà náà, ni bí orí mi ṣe wú tó nígbà tí mo kọ́kọ́ padà wálé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ níbẹ̀, tí a ń pè ní pátírọ̀n, máa ń sọ pé ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ṣì ń yọ eruku kò tíì parí. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ bí ẹni gba ẹ̀sìn. Nígbà tí mo kọ́ ilé wa yìí tán lórí ilẹ̀ bàbá mi, erùpẹ̀ lásán ni gbogbo àgbàlá, igi fúrúùtù ńlá kan sì wà láàárín rẹ̀. Abẹ́ igi yẹn ni ìyá rẹ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń bó ẹ̀gúsí lọ́sàn-án. Ìyá rẹ náà ló sì ń gbá ewé rẹ̀ láràárọ̀. Mo wo ewé, mo wo eruku, mo sọ lọ́kàn ara mi pé n ó ṣe obìnrin yìí lóore kan tí kò ní gbàgbé.

Kò gbàgbé lóòótọ́.

Ó lọ sí Isundunrin lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bímọ tọ́jú ọmọ, ó sì gbé ọ dání. Kó tó dé, mo ti gé igi náà lulẹ̀, mo ti da kọnkéré láti ògiri dé ògiri. Ilẹ̀ náà ń dán bí àwo. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ìyìn. Ìyá rẹ wọlé pẹ̀lú rẹ lẹ́yìn, ó dúró, ó wo ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Mùjí, níbo lẹ fẹ́ kí omi òjò máa gbà?"

Mo ní, "Omi mọ ọ̀nà ara rẹ̀."

Ó ní, "Àwa ńkọ́? Níbo ni ká máa jókòó sí?"

Mo ní ṣebí yàrá wà. O mọ ìyá rẹ, kì í jà. Ó kàn gbé igbá ẹ̀gúsí rẹ̀, ó kọjá sí ilé kejì, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ Màmá Dọ́káàsì.

Màmá Dọ́káàsì tí mo ń wí yìí náà ni èyí tí o mọ̀, tó máa ń ki orúkọ Jésù bọ àdúrà nígbàkigbà tí a bá pè é síbi ìsọmọlórúkọ wa, tí Ààfáà á sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú nígbà náà. Láfún ló ń ṣe tó fi ń tọ́ Dọ́káàsì. Ilé wọn sì rẹlẹ̀ díẹ̀ sí tiwa, ohun tí èmi tí mo pe ara mi ní bíríkìlà kò fi ojú wò rí.

Òjò kọ́kọ́ rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo dúró sábẹ́ páànù, mo ń wo bí omi ṣe ń sáré lọ lórí kọnkéré mi láìdúró níbì kan. Kò sí ẹrẹ̀, kò sí ọ̀gbàrá. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá rẹ pé kó wá wò ó. Kò wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Dọ́káàsì kan ilẹ̀kùn wa. Ó gbé báàfù kan lérí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Bàbá Mùjí, ẹ káàárọ̀. Ẹrù yín ni mo kó wá."

Mo bẹjú wo inú báàfù. Bàtà mi ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, èyí tí mo ti ń wá láti ìdájí. Àwọn ọ̀rá píọ́ wọ́tà wà níbẹ̀, àwọn èyí tí èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ mi mu tí a sì jù sílẹ̀ nígbà tí a ń da kọnkéré. Lábẹ́ wọn ni láfún wà, tó ti di ẹrẹ̀.

Ó ní, "Bàtà jẹ́ tiyín, ọ̀rá jẹ́ tiyín. Láfún jẹ́ tèmi, mo kàn ní kí ẹ rí i ni. Omi yín sùn sọ́dọ̀ mi lánàá."

Mo ní, "Màmá, òjò Ọlọ́run ni, ẹ má bínú."

Ó wò mí, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Òjò Ọlọ́run ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ń rọ̀ sórí ilẹ̀ yín tí ilẹ̀ ń mu ún, ti Ọlọ́run ni. Láti ìgbà tí ẹ ti ń tì í kọjá sọ́dọ̀ mi, ó ti di tiyín."

Ó gbé báàfù rẹ̀, ó lọ. Ìyá rẹ ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láfún tí Dọ́káàsì ìbá kó lọ sí ilé ìwé láti máa jẹ nìyẹn. Ó ti gbẹ tán, wọ́n ti fẹ́ lọ̀ ọ́, omi sì gbá gbogbo rẹ̀ lọ láti orí àtẹ tí wọ́n kó o sí nílẹ̀ inú ilé. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi síwájú ẹlòmíràn, mo sì fẹ́ máa tẹ ilẹ̀ gbígbẹ.

Àkànkẹ́, ó yẹ kí ọgbọ́n ti yé mi lọ́jọ́ náà. Kò yé mi. Mo kó búlọ́ọ̀kù, mo mọ odi kúkúrú sí ẹnu ààlà wa, kí omi má baà kọjá sọ́dọ̀ wọn mọ́. Mo rò pé mo ti parí ìjà. Nígbà tí òjò tún rọ̀, omi dé ibi odi, kò rí ọ̀nà, ó yí padà, ó sì wọ pálọ̀ wa. Ẹní léfòó, bàtà léfòó. Ìyá rẹ gbé ọ jókòó sórí tábìlì, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà sókè lórí àga, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fi abọ́ gbọ́n omi. Ó ní, "Bàbá Mùjí, ó jọ pé omi ti mọ ọ̀nà ara rẹ̀." Ìwọ gan-an ń pàtẹ́wọ́. O rò pé eré ni mo ń ṣe fún ọ.

Òjò tún wá lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, a sì rí ìyà kejì. Kọnkéré yẹn ń gba oòrùn láti àárọ̀, ó ń pa á mọ́, ó sì ń dá a padà fún wa títí a ó fi sùn. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyá rẹ kò yà mọ́. Ìwọ ń sunkún nítorí ooru. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi fúnra mi gbé àga mi, mo sì kọjá lọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ilé kejì. Mo rò pé Màmá Dọ́káàsì yóò sọ̀rọ̀ sí mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó sún fún mi, ó bu omi fún mi mu. Omi yẹn nira láti gbé mì ju bí ó bá bú mi lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo mú òòlù àti ṣísù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kọnkéré tí mo fi ọwọ́ ara mi dà. Bíríkìlà tó ń fọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀, o mọ̀ pé ìran ni fún gbogbo àdúgbò. Ọkùnrin kan wà tó ti ní kí n wá bá òun ṣe irú rẹ̀ sí àgbàlá tirẹ̀. Ó ń kọjá lọ, ó dúró.

Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé iṣẹ́ yín ti bàjẹ́ ni?"

Mo ní, "Iṣẹ́ kò bàjẹ́. Orí ẹni tó ṣe é ni mo ń tún ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn. Ó dùn mí, n kò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, òun ló wá kan ilẹ̀kùn mi pé kí n jọ̀ọ́, kí n wá bá òun fọ́ díẹ̀ níbẹ̀, àwọn ará ẹ̀yìn ilé òun kò kí òun mọ́.

Láti fi dípò láfún Màmá Dọ́káàsì tí omi gbá lọ, èmi àti ìyá rẹ ru pákí wá láti oko wa, ìyá rẹ bá wọn bó o, ó bá wọn rẹ ẹ́, wọ́n jọ sá a títí ó fi gbẹ. Dọ́káàsì pẹ́ kó tó lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n ó lọ. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìyá rẹ̀ wu igi fúrúùtù kékeré kan láti ẹ̀yìn ilé wọn, tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ó ní àwọn àdán ni wọ́n ju èso rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, òun kò gbìn ín. Ó ní, "Bàbá Mùjí, ẹ gbin èyí. Ìyàwó yín ti jẹ àgbálùmọ̀ mi tán." Igi náà ni èyí tí o gùn títí ìyá rẹ fi ní o ò ní rí ọkọ fẹ́.

Ìtàn náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe.

Èkínní ni ti àgbàlá. Kò sí ohun tó burú nínú sìmẹ́ńtì, òun ló fi aṣọ sí wa lọ́rùn. Ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà ni kí a da á sí. N ó ṣe ọ̀nà fún yín láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ilé ìdáná, n ó sì ṣe etí kànga kó mọ́ tónítóní. Ibi yòókù, ẹ fi í sílẹ̀ fún òjò. A ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi tí ẹrẹ̀ bá ti pọ̀, kí ẹ gbin ewúro, ẹ gbin ẹfìnrín, ẹ gbin koríko ọba tí ẹ ó máa fi ṣe tíì. Ilẹ̀ tó ń mu omi ni kànga fi ń ní omi. Bí ẹ bá dí ẹnu ilẹ̀ pa, kí ẹ má bínú sí kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ti igi máńgòrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Bí ẹ̀ka kan bá ń kan orí páànù, ẹ̀ka yẹn nìkan ni kí ẹ gé. Ewé rẹ̀ tó ń jábọ́, ẹ gbá a jọ sí ìdí rẹ̀ tàbí sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ da èèpo iṣu àti èèpo pákí mọ́ ọn. Yóò jẹrà, yóò sì di erùpẹ̀ dúdú tí ẹ kò ní rà lọ́jà. Ẹ má dáná sun ún. Èmi náà máa ń dáná sun ún tẹ́lẹ̀, tewé tọ̀rá, títí ikọ́ fi mú ìwọ àti àwọn ọmọ àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nínú ìtàn tiwa, èmi ni mo ń jẹ kòkòrò.

Èkejì ni ti ọ̀rá. Láti ọjọ́ tí mo ti rí àwọn ọ̀rá mi nínú báàfù yẹn, n kò ju ọ̀rá sílẹ̀ mọ́. Gọ́tà tó bá dí, ọ̀rá ló dí i. Kí o ní agbọ̀n kan tí o ó máa gbé lọ sọ́jà, kí o sì mú abọ́ tí o ó fi ra epo tàbí ẹran dání. Wọn ó kọ́kọ́ fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan bi ìyá rẹ pé, "Ìyá Mùjí, ṣé ọ̀rá mi kò dáa ni?" Ìyá rẹ dá a lóhùn pé, "Ó dáa. Ó kàn máa ń pẹ́ láyé jù mí lọ ni." Ní báyìí, obìnrin náà máa ń bù sí i fún un, nítorí pé kò ná òun ní ọ̀rá.

Ẹ̀kẹta, omi tí o fi ṣan ìrẹsì tàbí tí o fi fọ ẹ̀fọ́, má dà á sójú ọ̀nà, ata ń bẹ tó ń wá a. Bí fáànù bá kọṣẹ́, kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe kí ẹ tó sọ pé tuntun ni ẹ ó rà. Bí ẹ bá ti jáde nínú yàrá, ẹ pa iná rẹ̀. N kò mọ iye tí mo ti kà mọ́, ìwọ tí o jẹ́ olùkọ́ lè bá mi tò ó.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí o fi etí méjèèjì gbọ́. Nígbà tí ojú mi là tán, mo di oníwàásù. Bí mo bá rí ẹni tó ju ọ̀rá, n ó dá a dúró. Bí mo bá rí èéfín, n ó tẹ̀ lé e dé ìdí rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn nítorí mi. Ìyá rẹ ló pè mí jókòó, ó ní, "Bàbá Mùjí, ṣé Màmá Dọ́káàsì wàásù fún yín kí ẹ tó fọ́ kọnkéré?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí." Nítorí náà, má sọ ara rẹ di ọlọ́pàá ní Ola. Àlejò ni yín níbẹ̀. Jẹ́ kí àgbàlá yín tutù, àwọn ará àdúgbò yóò gbé àga wọn wá fúnra wọn. Ní ilé ìwé náà, má kàn kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó. Kó àwọn ọmọ náà jáde, kí ẹ jọ gbin nǹkan tí wọn ó máa bomi rin, kí wọ́n máa bá ara wọn jà lórí ẹni tí ó kàn láti bomi rin ín. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ dára.

Táofíìkì àna mi, mo mọ̀ pé ìwọ náà ti dé ìdí ìwé yìí. Mo dúpẹ́ pé o fẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ mi mọ́. Ohun tí mo fẹ́ fún ìyá rẹ̀ nígbà náà kò yàtọ̀ sí tìrẹ, ìfẹ́ ló sún mi dé ibẹ̀. Mo kàn gbàgbé láti bi í léèrè ni. Nítorí náà, bi ìyàwó rẹ léèrè ibi tó fẹ́ máa jókòó sí lọ́sàn-án, kí o tó yan ibi tí sìmẹ́ńtì yóò gbà.

Kí Ọlọ́run fi ọmọ rere kún ilé yín. Kí kànga yín má gbẹ, kí òjò máa rọ̀ fún yín bí ọ̀rẹ́, kí ẹ gbó, kí ẹ tọ́ nínú ilé náà. Ìyá rẹ kí yín, ó ní kí n fi kún un pé ẹ̀gúsí wà nílẹ̀ fún yín.

N ó dé bí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, irinṣẹ́ mi ti wà nínú àpò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó dé. Bí òjò náà bá ń rọ̀, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wo ibi tí omi àgbàlá yín ń forí lé. Nígbà tó bá dá, ẹ tẹ̀ lé ojú ọ̀nà omi náà lọ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ kan ilẹ̀kùn tí ẹ bá bá níbẹ̀. Ẹ kí wọn, ẹ sọ pé ẹ̀yin ni ará ilé òkè, kí ẹ sì béèrè orúkọ wọn. Orúkọ yẹn ni n ó kọ́kọ́ bi yín bí mo bá dé.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,

Bàbá Mùjí.